Fítámì àti Ọ̀rá inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Ìrètí kan àti Ìdánwò tí Ó Bá Pàdé

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ìtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọba. Ìtàn ìrètí kan ni, tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbé dìde, tí àwọn oníṣòwò gbé ka orí àtẹ, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì ń fi omi gbé mì ní àràárọ̀. Ìrètí náà ni pé bí ènìyàn bá ń lo fítámì E, fítámì C àti béta-kárótììnì lójoojúmọ́, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní bàjẹ́, òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dí, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ geere títí di ọjọ́ alẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwa tí a wà ní òkè òkun ni àwọn ará ilé fi ṣe ọ̀nà sí irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan nínú wa máa múra àtilọ sílé kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn mú méjì tàbí mẹ́ta bọ̀. Ó yẹ, nígbà náà, kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, kí a mọ àwọn tí ó sọ ọ́, kí a sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ọ̀RÁ TÍ A Ń WÍ YÌÍ

Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀rá tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Inú òkúta tí ó máa ń wà nínú òróòro ènìyàn ni àwọn ará Faransé ti kọ́kọ́ rí i ní nǹkan bí igba ọdún ó lé àádọ́ta sẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1815 ni Michel Chevreul sọ ọ́ lórúkọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì: ọ̀kan túmọ̀ sí òróòro, èkejì túmọ̀ sí ohun líle. Kì í ṣe májèlé rárá. Ó wà lára ohun tí ara fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì gbogbo, láti ara rẹ̀ náà ni ara sì ti ń ṣe àwọn họ́mọ̀nù tí ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, tí ń sọ ọmọbìnrin di abiyamọ. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ènìyàn kò tilẹ̀ fi ẹyin tàbí ẹran kan ẹnu láyé, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù yóò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé kí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní 1910, Adolf Windaus ará Jámánì yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú àwọn òkú wò, ó sì rí i pé èyí tí àìsàn ti bà jẹ́ ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú ju èyí tí ó dá ṣáká lọ lọ́nà púpọ̀púpọ̀. Ní 1913, Nikolai Anitschkow, ní ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, po kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù mọ́ òróró fún àwọn ehoro jẹ. Kò pẹ́ tí ọ̀rá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan tako iṣẹ́ náà. Wọ́n ní koríko ni oúnjẹ ehoro. Kí ni ẹran tí ń jẹ koríko fẹ́ fi kọ́ ọmọ ènìyàn?

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni ìdáhùn ti wá. Ní 1948, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa 5,209 ọkùnrin àti obìnrin níbẹ̀. Wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń dúró wo ẹni tí àìsàn ọkàn yóò mú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń hàn gbangba pé ẹni tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ pọ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àti ẹni tí ń fa sìgá, ni àìsàn náà ń mú jù. Ní nǹkan bí àkókò yẹn kan náà, John Gofman ní Berkeley, California, fi ẹ̀rọ tí ń yí bí òòyì ya ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi hàn pé oríṣiríṣi ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Dùgbẹ̀ ṣe àpèjúwe. Ọ̀rá kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé òróró kì í po mọ́ omi. Àfi kí alábàárù rù ú. Alábàárù tí wọ́n ń pè ní LDL ni ó ń ru kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ lọ sí ara gbogbo. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní HDL, a máa ru àṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀. Bí LDL bá pọ̀ jù lójú ọ̀nà, tí kò sí ilé tí yóò gba ẹrù lórí wọn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọn yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí, ọ̀nà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Joseph Goldstein àti Michael Brown, ní Dallas, ni wọ́n rí ilẹ̀kùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba LDL wọlé. Iṣẹ́ náà ni wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ ÌPÁÀRÀ TI WỌLÉ

Àdììtú kan ṣì kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ la ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dí, wọ́n bá àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn dà bí ti agbálẹ̀: ìdọ̀tí ni wọ́n ń gbé mì. Àwọn agbálẹ̀ wọ̀nyí ti jẹ ọ̀rá yó títí tí ara wọn fi rí bí ìfófòó ọṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ní LDL tútù nínú ìgò ìwádìí, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fẹnu kàn. Ní 1979, Goldstein àti Brown rí i pé bí a bá kọ́kọ́ yí ìrísí LDL padà, àwọn agbálẹ̀ yìí a máa gbé e mì wàmù-wàmù. Kí ni ó wá ń yí i padà nínú ara ènìyàn?

Daniel Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Diego, California, sọ pé ọ́síjìn ni. Ohun tí ọ́síjìn ń ṣe fún irin tí irin fi ń dípáàrà, tí ó ń ṣe fún òróró tí òórùn rẹ̀ fi ń yí padà bí ó bá pẹ́ nínú ìgò, ni ó ń ṣe fún LDL nínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Bí LDL bá ti dípáàrà, agbálẹ̀ yóò kà á sí ìdọ̀tí, yóò sì gbé e mì láìdúró. Ní 1987, ní San Diego àti ní Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànì, wọ́n fún àwọn ehoro tí a bí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù gíga mọ́ ní oògùn probucol, tí í máa dènà ìpáàrà, ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì bàjẹ́ tó ti àwọn tí kò lò ó. Ní 1989, Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo àlàyé yìí jọ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ìgboro.

Bí ìpáàrà bá ni ọ̀tá, ẹni tí ó mọ bí a ti í lé ìpáàrà ni ayé yóò máa wá. Kò sì jìnnà. Ní 1922, Herbert Evans àti Katharine Bishop, ní Berkeley, ti rí ohun kan nínú ewébẹ̀ àti ọkà tí eku kò lè gbé oyún dé ibi tí ó ń lọ láìsí i. Wọ́n pè é ní fítámì E. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde lódindi ní 1936, wọ́n tún sọ ọ́ ní tocopherol, tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń mú ni bímọ. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ mìíràn: inú ọ̀rá ni ó ń gbé, ibi tí ó bá sì wà, ọ̀rá ibẹ̀ kì í tètè dípáàrà. Kódà inú LDL gan-an ni ó máa ń bá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Fítámì C àti béta-kárótììnì, èyí tí ń fún kárọ́ọ̀tì ní àwọ̀ rẹ̀, náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn òyìnbó ń pe gbogbo wọn ní antioxidant. Àwa yóò máa pè wọ́n ní adènà-ìpáàrà.

Ilẹ̀ ti rọ̀ fún irúgbìn yìí tipẹ́. Láti nǹkan bí 1946 ni Wilfrid àti Evan Shute, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n jẹ́ oníṣègùn ní ìlú London ti Ontario ní Kánádà, ti ń kéde pé fítámì E ń wo àìsàn ọkàn. Àwọn oníṣègùn yòókù kò gbà, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ní 1956, Denham Harman ní California sọ pé irú ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń fà yìí ni ó ń sọ ara di arúgbó. Ní 1970, Linus Pauling, ẹni tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, kọ ìwé lórí fítámì C àti ọ̀fìnkìn, ìwé náà sì tà wàràwàrà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Steinberg fi jáde, etí gbogbo ènìyàn ti là sílẹ̀ láti gbọ́ ọ.

ỌDÚN AYỌ̀

Oṣù karùn-ún ọdún 1993 ni ayọ̀ náà kún. Ìwádìí méjì láti Harvard jáde ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti 87,245 obìnrin tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì jẹ́ ti 39,910 ọkùnrin tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlera. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ àti fítámì tí wọ́n ń lò, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Àwọn tí ń lo fítámì E jù lọ kò ní àìsàn ọkàn tó àwọn tí kò lò ó; ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Ìròyìn náà tàn ká bí iná ọyẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, wọ́n fọwọ́ sí òfin kan ní Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ máa ta irú fítámì báyìí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi hàn fún ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọjà wá ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí pa dà ni a dé yìí. Àwọn obìnrin 87,245 wọ̀nyẹn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n yàn bóyá wọn yóò lo fítámì tàbí wọn kò ní lò ó. Irú ènìyàn wo ni ó máa ń ra fítámì? Ẹni tí ó ń ṣọ́ ara ni. Ó ṣeé ṣe kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa rìn dáadáa, kí ó máà fa sìgá, kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́, kí ó sì máa tètè lọ rí dókítà. Bí ọkàn rẹ̀ bá wá le ju ti ẹlòmíràn lọ, ṣé fítámì ni kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí ìwà rẹ̀? Àwọn olùwádìí náà gbìyànjú láti fi ìṣirò yọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kúrò, àwọn náà sì sọ pé ó di ìgbà tí a bá ṣe ìdánwò gidi kí a tó lè sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n máa lò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró de ìdánwò nígbà tí ìgò wà lórí àtẹ?

WỌ́N ṢẸ́ GÈGÉ

Ìdánwò gidi tí a ń wí kò ṣòro láti yé ni. Wọn yóò kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, wọn yóò ṣẹ́ gègé, gègé ni yóò sì yan ẹni tí yóò gba oògùn àti ẹni tí yóò gba hóró tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń mu, dókítà rẹ̀ náà kò mọ̀. Nítorí pé gègé ni ó pín wọn, amusìgá yóò wà níhìn-ín, amusìgá yóò wà lọ́hùn-ún. Olówó yóò wà níhìn-ín, tálákà yóò wà lọ́hùn-ún. Bí ìyàtọ̀ bá hàn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oògùn náà ni ó fà á.

Èyí tí ó kọ́kọ́ ya gbogbo ayé lẹ́nu wá láti ilẹ̀ Finland ní oṣù kẹrin ọdún 1994. Wọ́n kó 29,133 ọkùnrin amusìgá jọ, wọ́n fún àwọn kan ní béta-kárótììnì, àwọn kan ní fítámì E, àwọn kan ní méjèèjì, àwọn ìyókù ní hóró òfìfo. Ìrètí wọn ni pé àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò dín. Ó lé sí i ni. Lára àwọn tí ó mu béta-kárótììnì, àrùn náà fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ ju ti àwọn tí kò mu ún lọ, ikú náà sì fi ìdá 8 nínú 100 lé sí i. Lára àwọn tí ó mu fítámì E, ikú láti ọwọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ onítàjẹ̀sílẹ̀ pọ̀ sí i.

Àwọn kan rò pé bóyá èèṣì ni. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń lọ lórí 18,314 ènìyàn tí wọ́n jẹ́ amusìgá, tàbí tí wọ́n ti fa sìgá rí, tàbí tí iṣẹ́ wọn ti gbé wọn dé ibi eruku asbestos. Ní oṣù kìíní ọdún 1996, wọ́n dá a dúró nígbà tí ó ṣì ku oṣù 21 tí ó yẹ kí ó parí. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tí ń gba béta-kárótììnì pẹ̀lú fítámì A, ikú sì ti fi ìdá 17 lé sí i. Ohun tí a ń tà fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ààbò ti di ewu fún àwọn tí ó nílò ààbò jù.

Fítámì E àti ọkàn ńkọ́? Ní 1996 kan náà, àwọn ará Cambridge níhìn-ín ní Ìlú Ọba gbé èsì tiwọn jáde lórí 2,002 aláìsàn ọkàn. Ìkọlù ọkàn tí kì í pa ni dín kù jọjọ lára àwọn tí ó mu fítámì E, ṣùgbọ́n ikú kò dín rárá. Àwọn olólùfẹ́ fítámì di apá kìíní ọ̀rọ̀ náà mú, wọn kò ka apá kejì. Ní 1999, àwọn ará Ìtálì dán an wò lára 11,324 ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ọkàn. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe àǹfààní. Ní 2000, ìdánwò tí àwọn ará Hamilton ní Kánádà darí lórí 9,541 ènìyàn, fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀, sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú títí di ọdún méje, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, wọ́n rí i pé ọkàn àwọn tí ń lo fítámì E ń rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ti kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ tilẹ̀ tún yani lẹ́nu. Ní 2001, ìdánwò kan jáde láti Seattle lórí 160 ènìyàn tí HDL wọn kéré. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn méjì tí ń tún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe, simvastatin àti niacin, HDL wọn sì gòkè dáadáa. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn méjì yìí kan náà, wọ́n wá fi fítámì E, fítámì C, béta-kárótììnì àti selenium kún un. HDL ti àwọn wọ̀nyí kò gòkè tó ti àwọn tí kò mu fítámì. Dípò kí adènà-ìpáàrà ran oògùn lọ́wọ́, ó ń fà á sẹ́yìn. Ìdánwò kékeré ni, niacin náà sì ti já ènìyàn kulẹ̀ nínú àwọn ìdánwò ńlá tí èsì wọn jáde ní 2011 àti 2014, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ibẹ̀ kò ṣeé fojú fò.

OÒGÙN INÚ ÌRẸSÌ TÍ Ó BU

Kí ìtàn wa lè pé, a gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀, kí a lọ sí ilẹ̀ Jàpáànì. Ní 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Akira Endo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Tokyo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti kékeré ni ó sì ti fẹ́ràn olú àti àwọn ohun tí ń bu lára oúnjẹ. Èrò rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní ohun tí í máa dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kí ó má lè ṣe kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ní àṣejù. Ó yẹ ohun tí ó lé ní 6,000 irú wọn wò. Ní 1973, ó rí ohun tí ó ń wá lára èyí tí wọ́n mú láti inú ìrẹsì ní ìsọ̀ oníhóró kan ní Kyoto. Bàbá gbogbo oògùn tí a ń pè ní státìn lónìí nìyẹn. Endo fi ayé sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó sì ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èrò méjèèjì. Ti fítámì ni pé kí ẹrù tí alábàárù rù má dípáàrà. Ti státìn ni pé kí alábàárù tí ó wà lójú ọ̀nà dín kù: ẹ̀dọ̀ yóò dín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí ó ń ṣe kù, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn sí i kí ó lè máa gba LDL wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Èrò méjèèjì bọ́gbọ́n mu. Èwo ni ó ń gba ẹ̀mí là?

Ní 1994, ìdánwò kan ní àwọn ilẹ̀ Skandinéfíà lórí 4,444 aláìsàn ọkàn fi hàn pé simvastatin, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn státìn, dín ikú kù ní ìdá 30 nínú 100. Ní 2002 ni àwọn ará Oxford wá gbé èyí tí a lè pè ní ìdájọ́ jáde. Wọ́n kó 20,536 ènìyàn jọ ní Ìlú Ọba, ọ̀dọ́ wọn jẹ́ ẹni ogójì ọdún, àgbà wọn jẹ́ ẹni ọgọ́rin, wọ́n sì ṣẹ́ gègé fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Gègé kìíní yan ẹni tí yóò gba simvastatin. Gègé kejì yan ẹni tí yóò gba fítámì E, fítámì C àti béta-kárótììnì. Ènìyàn kan náà, ọdún kan náà, ilé ìwòsàn kan náà. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n ṣí ìwé. Nínú àwọn tí ó gba simvastatin, 12.9 nínú 100 ni ó kú. Nínú àwọn tí kò gbà á, 14.7. Ìkọlù ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti irú wọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Nínú àwọn tí ó gba fítámì, 22.5 nínú 100 ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àwọn tí kò gba fítámì, 22.5. A kò ṣì í kọ. Fítámì náà wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn dáadáa, wọ́n wọ̀n ọ́n wọ́n sì rí i. Kò kàn ṣe ohunkóhun ni. LDL wọn kò dín, ó tilẹ̀ gòkè díẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ní 2012, àwọn olùwádìí kan kó ìdánwò 78 jọ lórí adènà-ìpáàrà, tí àpapọ̀ àwọn ènìyàn inú wọn jẹ́ 296,707. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń mú ẹ̀mí gùn. Wọ́n sọ pé ó jọ pé béta-kárótììnì àti fítámì E ń fi ikú kún ikú díẹ̀. Ní 2022, ìgbìmọ̀ tí ń gba ìjọba àti àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo méjèèjì nítorí àtidènà àìsàn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ. Síbẹ̀ ìgò ṣì wà lórí àtẹ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

ÀWA ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé Steinberg purọ́. LDL a máa dípáàrà nínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ohun tí ó kùnà ni ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e: pé hóró fítámì inú ìgò yóò dá a dúró. A kò sì sọ pé fítámì kò wúlò. Láìsí wọn nínú oúnjẹ, ènìyàn yóò ṣàìsàn, àwọn kan sì wà tí dókítà ní láti fún ní irú èyí tí ó dín nínú ara wọn. Ọ̀rọ̀ wa dúró lórí ẹni tí ń gbé e mì ní àpọ̀jù nítorí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù.

Àwọn kan lè bi wá pé epo pupa wa ńkọ́, ṣebí òun ni ó kún fún kárótììnì àti fítámì E? Òótọ́ ni, kárótììnì gan-an ni ó sọ ọ́ di pupa, òun náà sì ni iná ń jó dànù nígbà tí a bá yọ́ epo títí tí ó fi funfun. Ó dára fún ojú ọmọdé, nítorí pé ara ń sọ kárótììnì di fítámì A. Kò sí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ ni irú èyí tí í máa mú LDL gòkè. Oúnjẹ ni epo. Kí a jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, kí a má sọ ọ́ di oògùn.

Ìwádìí kan tún wà tí ó kàn wá tààrà. Láti nǹkan bí 1992, Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, pa pọ̀ mọ́ Yunifásítì Indiana láti fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Ọ̀rọ̀ iyè tí ń ra lọ́jọ́ ogbó ni wọ́n torí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré ju ti àwọn ará Indianapolis lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìran wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ohun tí ó jìnnà síra ni oúnjẹ àti ìgbé ayé. Àwọn àgbà Ìdíkàn kò fi ìgò kankan rà á. Àwa tí a ti fi àmàlà àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fún búgà àti ṣíìpù, tí ìjókòó wa nílé ìkàwé ju ìrìn wa lọ, ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìgbé ayé ìlú ńlá ń yí padà nílé.

Kí ni kí a wá ṣe? Bí òbí bá béèrè ohun tí ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kí a má kàn dáhùn pé kò sí. Kí a fi owó ìgò mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ kí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá rẹ̀. Bí dókítà bá ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù pọ̀, státìn tí ó bá kọ fún wọn ni kí a bá wọn wá owó rẹ̀, kí a sì rí i pé wọn kò dá a dúró nítorí pé ara yá wọn. Ewu ńlá tí ó wà nínú ìgò fítámì kì í ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan. Ó tún jẹ́ ohun tí ó ń gba ipò rẹ̀: ẹni tí ó gbà pé òun ti ń lo oògùn kò ní wá oògùn mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ rí kọ́ kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ìlera. Àlàyé tí ó bọ́gbọ́n mu kò tíì di ẹ̀rí. Àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ ìpáàrà dìde kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà wọn ni. Ohun tí ó gba ayé lọ́wọ́ àṣìṣe ni pé àwọn mìíràn gbà láti ṣẹ́ gègé, kí wọ́n dúró fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀ bí ó ti rí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wọn nínú.